Lẹ́ǹsì olówó pọ́ọ́kú tó gbé mi dé Ìkẹjà lẹ́ẹ̀mejì

₦65,000 ni mo ra lẹ́ǹsì kámẹ́rà yẹn, mo sì ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ padà sí Ìjẹ̀bú-Òde pé mo ti rẹ́ ẹni tó tà á fún mi jẹ. Títí dòní, bí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn, inú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Fọ́tò ni mò ń yà: ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà. Ẹ mọ àwa Ìjẹ̀bú àti Sátidé, iṣẹ́ ò wọ́n. Kámẹ́rà ni kì í ṣe tèmi. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń fi tiẹ̀ háyà fún mi ní ₦15,000 lójúmọ́. Nígbà tí Ojúde Ọba ku oṣù méjì, ó ní ₦40,000 ni òun máa gbà lọ́jọ́ náà. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n mo ti búra nínú pé ẹṣin àwọn Balógun ò ní gba iwájú mi kọjá kó jẹ́ kámẹ́rà háyà ló wà lọ́rùn mi.

Ríra kámẹ́rà ò le. Ní Computer Village n'Ìkẹjà, mo rí Nikon D5300 tòkunbọ̀ kan pẹ̀lú lẹ́ǹsì 18-55 tó máa ń bá a wá. Mo ya fọ́tò kan, mo gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti wo iye tó ti yà láyé rẹ̀: 21,000 àti díẹ̀. 100,000 ni àwọn tó ṣe é dán an wò dé, ọmọdé ṣì ni. Mo tan iná fóònù sínú lẹ́ǹsì. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, èbu ti ta sínú rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti di ọ̀gá nìyẹn.

Ó wá ku lẹ́ǹsì kejì, 50mm f/1.8, èyí tó máa ń ríran nínú gbọ̀ngàn tí iná ò tó. Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ AF-S sí lára jẹ́ ₦90,000, èyí tí lẹ́tà D wà lẹ́yìn 1.8 rẹ̀ jẹ́ ₦65,000. Mo béèrè ìyàtọ̀ lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń tà á. “Ẹ̀gbọ́n mi, 1.8 náà ni 1.8.” Mo mú D.

Mo délé, mo tẹ bọ́tìnì kí lẹ́ǹsì lè yí fúnra rẹ̀ kí àwòrán hàn kedere, lẹ́ǹsì ò mira. Mo nu ìdí rẹ̀, mo pààrọ̀ bátìrì, mo pa á, mo tàn án. Pàbó. Mo gbé e lọ fún alátùn-únṣe kan nígboro, ó gba ₦3,000, ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó ní kó “sinmi” di ọjọ́ kejì. Kí ló fẹ́ sinmi? Ó ṣiṣẹ́ ni? Mo gbé e lọ sí ìsọmọlórúkọ kan bẹ́ẹ̀, mò ń fọwọ́ yí i. Ìdajì fọ́tò ọjọ́ yẹn, etí ọmọ ló hàn kedere, ojú rẹ̀ ṣe bàìbàì.

Bàbá onífọ́tò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Òkè-Ajé ló là mí lójú, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó dojú lẹ́ǹsì délẹ̀, ó fi ojú irin kékeré kan hàn mí nídìí rẹ̀ tó dà bí orí síkúrù. “Ọmọ mi, mọ́tò tó ń yí èyí, inú kámẹ́rà ló ń gbé. Kámẹ́rà D90 ní in, D7100 ní in. Tìrẹ ò ní in. AF-S ló ń gbé mọ́tò tirẹ̀ sára.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Mo padà sí Ìkẹjà, ₦9,000 ní àlọ àtàbọ̀. Ọmọkùnrin yẹn ní àwọn kì í gba ọjà tí wọ́n ti tà padà, kò tilẹ̀ pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Ẹnì kan ní Ṣàgámù tó ń lo D7100 ló rà á lọ́wọ́ mi ní ₦50,000. Ẹ ṣírò rẹ̀: ₦15,000, ₦3,000, ₦9,000. ₦25,000 tí mò ń sá fún, mo san án, mo tún fi ₦2,000 lé e.

50mm kọ́ ni mo wá rà níkẹyìn o. 35mm f/1.8 AF-S ni, tó ń rí ibi tó fẹ̀ ju ti 50mm lọ. Nínú pálọ̀ ìsọmọlórúkọ, 50mm lórí irú kámẹ́rà yìí máa ń tì mí lẹ́yìn mọ́ ògiri kí n tó rí ìyá àti bàbá ọmọ pọ̀. Ká ní mo ti kọ́kọ́ ronú sí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni, mi ò bá má ti rí D yẹn sójú.

Fọ́tò Ojúde Ọba mi dára, mi ò ní parọ́. Ẹsẹ̀ ẹṣin kan wà lókè tí eruku ṣì rọ̀ mọ́ ọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi yẹn pè mí pé kámẹ́rà òun ti dákú, kí n jọ̀ọ́ yá òun ní tèmi fún Sátidé kan péré. Mo ní ₦15,000 ni.