Àṣìṣe táwọn èèyàn wa máa ń ṣe tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé Gámbíà fún TAC

Ẹ̀yin tí orúkọ yín ti jáde nínú TAC, ìyẹn Technical Aid Corps, tẹ́ ẹ sì ti ń di ẹrù, ẹ kú oríire o. Láti 1987 ni Nàìjíríà ti ń lo ètò yìí láti rán dókítà, nọ́ọ̀sì, tíṣà àtàwọn míì lọ sórílẹ̀-èdè míì tí wọ́n bá ti nílò wọn, ọdún méjì ni wọ́n sì máa ń lò níbẹ̀. Gámbíà lèmi mọ̀, iṣẹ́ tíṣà ni mo bá lọ, torí náà ibẹ̀ ni màá dúró sí. Oṣù mẹ́ta mẹ́rin àkọ́kọ́ ló máa ń dà wá láàmú, torí a ti sọ lọ́kàn ara wa pé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà ni, èèyàn dúdú bíi tiwa ni wọ́n, òyìnbó ni wọ́n ń sọ lọ́fíìsì, kí ló tún kù tá a fẹ́ kọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìkíni. Ó yẹ kó rọ Yorùbá lọ́rùn, àbí? Àmọ́ torí pé òyìnbó là ń bá wọn sọ, "good morning" kan ṣoṣo la máa jù sílẹ̀ tá a fi máa bọ́ sórí ohun tá a bá wá, wọ́n á sì máa wò wá bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. Tẹ́ ẹ bá ń wọ inú ilé onílé, "Salaam aleekum" lẹ máa kọ́kọ́ sọ lẹ́nu ọ̀nà, Kristẹni ni yín o, Mùsùlùmí ni yín o. Tí ọmọ ẹ̀yà Mandinka bá bi yín pé "Suumoolu lee?", àwọn ará ilé ló ń béèrè, ẹ ní "I be jee" (wọ́n wà níbẹ̀), kẹ́ ẹ sì béèrè tiẹ̀ náà, bàbá, ìyá, ọmọ, iṣẹ́, kẹ́ ẹ tó sọ tẹnu yín. Wolof lẹ máa gbọ́ jù lápá Banjul àti Serekunda, tí wọ́n bá wá gbé yín lọ sápá Basse, lápá ìlà oòrùn lọ́hùn-ún, Mandinka, Fúlàní àti Serahule ló pọ̀ níbẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Abọ́ ńlá kan ni gbogbo ilé máa ń jókòó yí ká, ó lè jẹ́ benachin tó jọ jọ̀lọ́ọ̀fù wa, ó lè jẹ́ domoda tí wọ́n fi ẹ̀pà se. Iwájú yín nìkan ni kẹ́ ẹ ti jẹ. Ẹja tàbí ẹran wà láàárín, ẹ má nawọ́ sí i, ẹni tó gbà yín lálejò ló máa fọwọ́ já a, tó máa sún un díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ yín. Mo rí ọmọ Nàìjíríà kan tó ní kí wọ́n bu tòun sọ́tọ̀ torí ìmọ́tótó, wọ́n bù ú fún un. Wọn ò pè é jẹun mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún sì ni o. Àmọ́ tí ẹni tó ń rin ìrìn àjò jíjìn bá na ọwọ́ òsì sí yín pé ó dàbọ̀, ẹ bọ̀ ọ́, kò rí yín fín, ohun tó ń sọ ni pé ẹ ṣì máa ríra.

Ẹ má sì sá fún ataya, ìyẹn tíì tí wọ́n máa ń jókòó mu pọ̀. Lórí èédú ni wọ́n ti ń sè é lẹ́ẹ̀mẹta, ó lè ju wákàtí kan lọ, ẹ ṣáà jókòó, torí ibẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ ìdí tí ọmọ kan ò fi wá sí kíláàsì nígbà òjò (oko ẹ̀pà ni), ibẹ̀ náà lẹ ti máa mọ ẹni tó lè bá yín wá ilé.

Èyí tó ń dùn mí jù ni "ní Nàìjíríà, báyìí la ṣe ń ṣe é." Ẹ gbé gbólóhùn yẹn jù sílé kẹ́ ẹ tó wọ bàlúù. WAEC kan náà la jọ ń ṣe lóòótọ́, àmọ́ ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́, èdè ìyá ẹ̀ ló ń sọ nílé, tẹ́ ẹ bá ń sáré sọ òyìnbó tó dákẹ́, ẹ má pè é ní olódo, ẹ rọra sọ ọ́. Ẹ béèrè òfin iléèwé kẹ́ ẹ tó gbé pàṣán. Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan fún oṣù bíi mélòó kan, ẹ béèrè ìdí, àwọn tíṣà ibẹ̀ ò jókòó lásán kẹ́ ẹ tó dé.

Ẹ má sì ṣèlérí. Ẹnì kan tá a jọ lọ dìde lórí àsẹ́ńbílì, inú rere ló fi sọ ọ́, ó lóun máa bá wọn wá kọ̀ǹpútà, gbogbo iléèwé pàtẹ́wọ́, láti ọjọ́ yẹn àwọn òbí á dá a dúró lọ́jà pé kọ̀ǹpútà dà, ó wá di pé ó ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Ẹ fi ohun tó wà lọ́wọ́ yín ṣe é.

Àwa náà fẹ́ràn ká máa wà láàárín ara wa jù. Ó dáa kẹ́ ẹ mọ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà nítòsí, àmọ́ tó bá jẹ́ àwọn nìkan lẹ̀ ń bá jáde, ọdún méjì á pé, ẹ ò ní lè fi Mandinka ra tòmátì.

Yàtọ̀ síyẹn: ẹ yéé ṣírò dalasi sí náírà ní gbogbo ìgbà, ẹ ò ní lè ra nǹkan kan. Tí ara bá gbóná, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ má kàn gbé oògùn ibà tẹ́ ẹ rù wá lò. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni ECOWAS fún wa láìsí físà, torí náà ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ àwọn tó gbà yín síṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Yellow card (káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú), ojúlówó sátífíkéètì àti ẹ̀dà ẹ̀ kí ó wà nínú báàgì tẹ́ ẹ gbé lọ́wọ́, ẹ má kó o sínú èyí tó ń lọ sábẹ́ bàlúù.