Ẹ Má Di Ẹrù Òde Lọ Síbi Ìsinmi: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Bí A Bá Ń Kó Ẹgbẹ́ Lọ sí Kìgálì

Lọ́jọ́ tí àwa obìnrin mẹ́sàn-án kọ́kọ́ jọ gbéra láti Abẹ́òkúta lọ sí Kìgálì ní orílẹ̀-èdè Rùwáńdà, báàgì ńlá méjìdínlógún la kó sínú ọkọ̀. Ọjọ́ márùn-ún péré la fẹ́ lò. Níbi tí à ń lọ, wọ́n á jí wa ní kùtùkùtù láti na ara lórí ẹní, a ó rìn lórí òkè, a ó jẹ ewébẹ̀ àti èso, a ó sì sùn dáadáa. Síbẹ̀, gèlè, ìlẹ̀kẹ̀, bàtà gogoro àti aṣọ ẹbí oríṣi mẹ́ta ló kún inú ẹrù wa. Ẹrù òde la dì. Ìsinmi la sì sọ pé a ń lọ ṣe. Mo ti ṣètò irú ìrìn-àjò yìí lẹ́ẹ̀mejì sí i láti ìgbà náà, ibi tí gbogbo àṣìṣe yìí ti ń wá kò sì yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ìwé kúrò lọ́nà ná, torí ẹrù tó pọ̀ jù á gba owó lọ́wọ́ ẹni ni, àmọ́ ìwé tí kò pé á dá ẹni padà sílé. Ẹ rí i pé pásípọ́ọ̀tù yín ṣì ku oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Ẹ wo orúkọ pẹ̀lú. Láàárín àwa obìnrin, orúkọ bàbá lè wà nínú pásípọ́ọ̀tù, kí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́ wá fi orúkọ ọkọ tó mọ̀ wá sí i. Ẹni tó bá rí èyí ní pápákọ̀ òfurufú ti pẹ́ jù. Ti físà kò le: wọ́n ń fún ọmọ Nàìjíríà ní ọgbọ̀n ọjọ́ tí a bá gúnlẹ̀ sí Kìgálì, láìgba kọ́bọ̀. Ẹ má san owó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa bá yín wá a.

Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú (yellow fever) ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣeré. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí ẹ bá gba abẹ́rẹ́ náà ni káàdì yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wa gba tirẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, wọn kò jẹ́ kó wọkọ̀. Èmi ni mo dì mọ́ ọn tó ń sunkún, mi ò sì fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń gba abẹ́rẹ́ yìí láyé rẹ̀, láti 2016 ni wọ́n ti sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kò sí ìdí tí a ó fi ra káàdì láì gun abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá rà á lásán kò ní ààbò kankan lára.

Ó wá kan ọ̀rá. Nílé wa níbí, ọ̀rá la fi ń di ohun gbogbo: bàtà nínú ọ̀rá, ọṣẹ nínú ọ̀rá, kúlíkúlí nínú ọ̀rá, ọ̀rá mìíràn sì tún wà tí a ká pamọ́ "bóyá a máa nílò rẹ̀." Láti 2008 ni Rùwáńdà ti fòfin de àpò ọ̀rá. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ àlejò ní pápákọ̀ òfurufú, kódà ọ̀rá tí àwọn èèyàn fi ń wé báàgì yíká kí ó má baà ya. A jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, à ń tú ẹrù, bàtà níhìn-ín, ṣòkòtò abẹ́ níbẹ̀, lójú gbogbo ayé. Ìtìjú náà kò kéré. Èyí tó yẹ kí a ṣe kò ju pé kí a ra àṣẹ́kù ańkárá lọ́jà Kútọ̀, kí a fún aránṣọ ládùúgbò kó fi rán àpò olókùn kéékèèké mẹ́fà. A ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí, aṣọ kì í sì í rún nínú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àdìrẹ tuntun n'Ítòkú fún ìrìn-àjò, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Àdìrẹ ló yẹ ká wọ̀, mo fara mọ́ ọn: ó fúyẹ́, ó ń mí, tiwa sì ni. Àmọ́ aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ nínú aró kì í ṣe ohun tí à ń gbé wọ báàgì lọ́jọ́ kejì. Òógùn á bọ́ sí i, aró á sì jáde. Mo sùn lórí aṣọ ibùsùn funfun pẹ̀lú bùbá tuntun, ilẹ̀ mọ́, mo rí àwọ̀ ẹ̀lú lára ìrọ̀rí, lára tówẹ́ẹ̀lì, lára ẹní tí mo fi ń na ara. Mo sanwó rẹ̀, ó sì dùn mí, torí àìsùúrù mi ló fà á. Ẹ fi omi tútù ṣan án léraléra ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, títí omi á fi mọ́ kedere, kí ẹ sì sá a síbi òjìji. Ẹ fi súwẹ́tà kan tì í. Kìgálì ga ju 1,500 mítà lọ sókè òkun, òtútù ibẹ̀ lálẹ́ kì í ṣe èyí tí ara wa mọ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni kò gbọdọ̀ sí eré níbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sílẹ̀ nílé nítorí pé "ibi tí à ń lọ, ewébẹ̀ ni wọ́n máa fún wa." Ewébẹ̀ kì í rọ́pò oògùn tí dókítà kọ. Bákan náà ni ti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó bá fẹ́ bá ẹgbẹ́ gbààwẹ̀ olómi: ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń darí wa. Báàgì ọwọ́ ni oògùn ń wà, nínú páálí tí a fi tà á, pẹ̀lú ìwé dókítà. Àgbo inú ike ńkọ́? Ohun olómi tó bá ju 100 mílílítà lọ kò lè bá yín wọnú ọkọ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì gbé e sínú báàgì ńlá, ó lè dà sórí aṣọ. Ẹ fi sílẹ̀. Páwá báǹkì ní tirẹ̀, báàgì ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ wà, agbára tí wọ́n kọ sí i lára kò sì gbọdọ̀ ju 100 Wh (wáàtì-wákàtí) lọ.

Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù, ì báà jẹ́ ìyá ìjọ, ì báà jẹ́ àbúrò ọkọ. "Ẹ bá mi fún ọmọ mi níbẹ̀" lè di ẹ̀wọ̀n fún ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kì í gba ẹnu ṣájà wa, olójú róbótó méjì ni. Ẹ mú adápítọ̀ dání. Wákàtí kan ni wọ́n fi ṣáájú wa. Bí ìrìn-àjò yín bá bọ́ sí Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, ẹ má ṣètò ìrìn kankan sáàárọ̀ ọjọ́ náà, torí iṣẹ́ ìlú tí wọ́n ń pè ní Umuganda ni gbogbo èèyàn ń ṣe títí di aago mọ́kànlá.

Ẹ má fi tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo ẹgbẹ́ sínú fóònù ẹnìkan ṣoṣo. Ẹ má sì fọkàn tán ọ̀nà Sàǹgó tó lọ sí Èkó, níbi tí a ti ń wọ ọkọ̀ òfurufú, lọ́jọ́ ìrìn-àjò. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ládẹ̀rín l'Abẹ́òkúta kó sì sọ̀ ní Agége l'Ékòó kò ṣe àìdáa, bí ó bá ti yẹ aago ọkọ̀ náà wò tó sì fi wákàtí púpọ̀ sílẹ̀.

Fún ti ọdún yìí, a ti fẹnu kò. Báàgì kan fún ẹnìkan. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ìrìn-àjò, gbogbo wa á gbé ẹrù wa wá sílé mi n'Íbarà, a ó gbé e kọ́ òṣùwọ̀n, oníkálukú á sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e gun àtẹ̀gùn dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá ní láti sọ ọ́ kalẹ̀ lójú ọ̀nà, ibẹ̀ gan-an la ó ti bá a tú u.