Bí mo ṣe ya heatmap ikú onígbáméjì ti Soho pẹ̀lú Leaflet.heat

Heatmap ni máàpù tó ń fi àwọ̀ hàn ibi tí nǹkan ti pọ̀; Leaflet.heat ni àfikún tó ń yà á lórí Leaflet, irinṣẹ́ JavaScript fún máàpù orí wẹ́ẹ̀bù. Dátà John Snow, dókítà ará England, ni mo lò: àwọn tí onígbáméjì pa ní Soho, ní London, lọ́dún 1854, láyìíká ẹ̀rọ omi Broad Street. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, iye òkú ibẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iye yẹn gbọ́dọ̀ ṣe ìkẹta lẹ́yìn latitude àti longitude. Bí ẹ bá yọ ọ́ sílẹ̀, ilé tí èèyàn mẹ́wàá kú sí àti ilé tí ẹnì kan kú sí, ọgbọọgba ni.

GeoJSON (irú fáìlì dátà máàpù) máa ń fi longitude ṣáájú, latitude ni Leaflet fẹ́ kọ́kọ́ rí. Bí ẹ ò bá yí i padà, Soho (51.513, -0.137) á já sínú òkun Íńdíà, lápá ìlà oòrùn Sòmálíà. Leaflet kò sì ní ké pé àṣìṣe wà. Máàpù á kàn ṣófo ni.

L.heatLayer(ami, {radius: 25, blur: 15, maxZoom: 16, max: 10}).addTo(map)

Radius (ìtóbi àmì) àti blur (bí etí rẹ̀ ṣe ń parẹ́) yẹn ló wà níbẹ̀ látilẹ̀. Leaflet.heat á ro wọ́n pọ̀ di 40, á pín in sí méjì, á wá fi 20 píksẹ́lì gé ojú máàpù sí onígun mẹ́rin kéékèèké. Gbogbo àmì tó bá bọ́ sínú ọ̀kan á di ẹyọ kan: á ro ìwọ̀n wọn pọ̀, á sì fa ibi tó máa gbé e sí súnmọ́ èyí tó wúwo jù. Ìdí nìyẹn tí ojú pupa fi lè bọ́ sórí títì tí kò sílé kankan.

Píksẹ́lì ni o, kì í ṣe mítà. Ní zoom 16 (zoom ni ìpele tí a sún máàpù mọ́ ojú), píksẹ́lì kan ní London tó nǹkan bíi mítà 1.5, nítorí náà onígun mẹ́rin yẹn fẹ̀ tó mítà 30. Ní zoom 13, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 240.

maxZoom, ìpele zoom tí ìwọ̀n àmì ti máa pé, ló ń da èèyàn láàmú jù. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, ti máàpù fúnra rẹ̀ ló máa mú. Bí ìyẹn bá jẹ́ 18, ìwọ̀n àmì kọ̀ọ̀kan á di ìdá kan nínú mẹ́rin ní zoom 16, ìdá kan nínú 32 ní zoom 13, torí pé ìdajì ló ń gé kúrò ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ á wá ṣá. Ní 16 tí mo fi sí, ìwọ̀n náà pé, ṣùgbọ́n bí max (ìwọ̀n tí àwọ̀ ti máa pọ́n dé góńgó) bá wà ní 1, òkú kan ṣoṣo ti tó láti pọ́n ilé fòò. Ìdí rèé tí mo fi gbé max sí 10.

Ẹ má sì ka iye láti ara àwọ̀. Kíki àwọ̀ ni kánfáàsì (ojú tí browser ń yàwòrán sí) ń tò lé ara wọn: 0.5 lórí 0.5 di 0.75, kò di 1, bí aṣọ tí a rì bọ aró lẹ́ẹ̀mejì. MapLibre GL, irinṣẹ́ máàpù mìíràn, ní tirẹ̀ ń ro ó pọ̀ gan-an, òun ni mo fẹ́ràn bí iye bá ṣe pàtàkì. Fún Soho, mo fi L.circleMarker (àmì olóbìírí ti Leaflet) hàn láti zoom 17 lọ sókè. Ẹni tó bá tẹ ilé kan á rí iye òkú ibẹ̀.