Bẹ́ ẹ ṣe lè béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ Ọlọ́run kẹ́ ẹ tó dáwọ́ lé nǹkan

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a máa ń sọ pé "mò ń gbàdúrà sí i", a ti pinnu tán lọ́kàn wa, ká rí Ọlọ́run bá wa ṣe àmín sí i nìkan ló kù. Mo mọ̀ torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ ọjọ́ kan, mò ń bẹ Olúwa pé kó jẹ́ kí n mọ̀ bóyá kí n gba iṣẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ ìwé iṣẹ́ ọ̀hún wà nínú báàgì mi, mo ti sáìnì ẹ̀ látọ̀sán, mo tiẹ̀ ti sọ fún èèyàn méjì pé oṣù tó ń bọ̀ ni màá bẹ̀rẹ̀. Kí wá ni mò ń béèrè? Oṣù mẹ́rin péré ni mo lò níbẹ̀, omijé ni mo sì fi kúrò.

Torí náà, ibi tẹ́ ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ nìyí: ẹ bi ara yín pé tí Ọlọ́run bá ní rárá, ṣé màá fi í sílẹ̀? Ẹ ka Jeremáyà orí 42. Jerúsálẹ́mù ti wó, wọ́n ti pa Gedaláyà tí ọba Bábílónì fi ṣe gómìnà, ẹ̀rù ń ba àwọn tó kù, ni wọ́n bá lọ bá Jeremáyà pé kó báwọn béèrè, pé bó dùn bó korò, àwọn á ṣe é. Ìdáhùn dé lẹ́yìn ọjọ́ 10: ẹ dúró sílẹ̀ yìí, ẹ má lọ sí Íjíbítì. Wọ́n ní irọ́ ló ń pa! Ẹ wá wo ẹsẹ 17 ní orí 41, kí wọ́n tó lọ bá wòlíì rárá ni wọ́n ti kó ẹrù dé ìtòsí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ọ̀nà Íjíbítì ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n ń béèrè ọ̀nà. Tọ́kàn yín bá ti wà lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún un gbangba: "Bàbá, ibi báyìí lọkàn mi fà sí o, bá mi gbà á kúrò níbẹ̀ ná kí n lè gbọ́ ohun tó o bá sọ." Èmi lè gba àdúrà yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó béèrè nǹkan míì.

Tọ́kàn bá ti rọ̀, ẹ wá béèrè ohun tó ṣe pàtó, ẹ tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú déètì. "Olúwa tọ́ mi sọ́nà" dáa, àmọ́ ẹ wo Dáfídì ní Kéílà, Sámúẹ́lì Kìíní orí 23. Òun ló gba ìlú yẹn lọ́wọ́ àwọn Filísínì, ẹlòmíì á ní wọn ò lè dalẹ̀ òun, àmọ́ ó bi Ọlọ́run pé ṣé Ọba Sọ́ọ̀lù tó ń wá òun kiri láti pa máa wá, Ọlọ́run ní ó máa wá, ó ní ṣé àwọn ará Kéílà máa fa òun lé e lọ́wọ́, Ọlọ́run ní wọ́n á fà á lé e lọ́wọ́. Òun àtàwọn ọkùnrin bí 600 bá gbéra.

Ohun tí Bíbélì bá ti sọ̀rọ̀ lé lórí kò nílò ìran. Ẹni tó ń gbàdúrà bóyá kóun fẹ́ ọkọ ọlọ́kọ, ìdáhùn ẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Ẹ bá èèyàn méjì mẹ́ta tó bẹ̀rù Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ó kéré tán kí ẹnì kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí kì í bẹ̀rù láti sọ òótọ́ fún yín. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ẹ má gbé ìgbésí ayé yín lé "Olúwa ní kí n sọ fún ẹ" ẹnì kankan lórí, ì báà jẹ́ pásítọ̀. Nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 13, Ọlọ́run ti sọ fún èèyàn Ọlọ́run kan pé kó má jẹun kó má mu omi ní Bẹ́tẹ́lì tó rán an lọ, wòlíì àgbà kan wá ní áńgẹ́lì ní kóun mú un lọ sílé lọ jẹun, irọ́ ló sì pa, èèyàn Ọlọ́run náà tẹ̀ lé e lọ jẹun, kìnnìún pa á lọ́nà. Ẹ yẹ ohun tí wọ́n bá sọ wò.

Àwọn tó máa ń fẹ́ àmì bíi ti Gídíónì, tó ní kí ìrì sẹ̀ sórí irun àgùntàn nìkan kóun lè mọ̀ pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú òun, ẹ rántí pé Ọlọ́run ti rán an níṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ló jẹ́ kó máa tún un béèrè.

Bẹ́ ẹ bá ti béèrè tẹ́ ẹ sì ti dúró, ẹ gbé ẹsẹ̀. Ìgbà tí Pọ́ọ̀lù ń rìn ni Ẹ̀mí dí Éṣíà mọ́ ọn, tó tún dí Bítíníà, kó tó rí ọkùnrin Makedóníà kan tó ń pè é lójú ìran ní Tíróásì. Òun àti Sílà tó ń bá a rìn sì dé Fílípì ní Makedóníà tán, wọ́n nà wọ́n, wọ́n jù wọ́n sẹ́wọ̀n, síbẹ̀ wọn ò ṣìnà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ déètì: ọjọ́ tí nǹkan bá le tẹ́ ẹ wá ń rò pé bóyá ẹ ò gbọ́ dáadáa ni, ẹ ṣí ìwé yẹn, ẹ ka ohun tẹ́ ẹ béèrè àti ohun tẹ́ ẹ gbọ́.