Wi-Fi kò yọjú lórí Ubuntu tuntun? Fóònù yín lè gbà yín

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gbé Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) sórí kọ̀ǹpútà, ẹ wá okùn USB fóònù sílẹ̀. Wi-Fi lè má yọjú rárá, pàápàá bí káàdì Wi-Fi inú kọ̀ǹpútà bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Broadcom. Bẹ́ẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ó fi wa dírífà rẹ̀ (ètò tó ń mú káàdì náà ṣiṣẹ́) sílẹ̀. Ẹ so fóònù Android mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ tan USB tethering nínú ètò fóònù, kí kọ̀ǹpútà lè lo íntánẹ́ẹ̀tì fóònù. Okùn tó ń gbé iná nìkan kò ní ṣiṣẹ́ o. Èyí tó ń gbé dátà ni kí ẹ lò. Bí Ubuntu bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí Terminal (ojú ìwé tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ), kí ẹ tẹ èyí:

sudo apt update
sudo ubuntu-drivers install

Bó bá ní kí ẹ yan ọ̀rọ̀ aṣínà nítorí Secure Boot (ààbò tó ń yẹ ètò wò bí kọ̀ǹpútà bá ń tàn), ẹ má gbàgbé rẹ̀. Bí ẹ bá tún kọ̀ǹpútà tàn, ẹ yan Enroll MOK (kí kọ̀ǹpútà lè gba dírífà náà), kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fo ibẹ̀ yẹn, dírífà á wà, Wi-Fi ò sì ní ṣiṣẹ́.