Bí a ṣe ń ka èsì àyẹ̀wò táíróọ̀dù pẹ̀lú ti àńtíbọ́dì

Ohun tó sábà máa ń da ènìyàn láàmú nígbà tó bá gba èsì àyẹ̀wò táíróọ̀dù ni pé ọ̀rọ̀ méjì ni ìwé náà ń sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Apá kan ń sọ bí ẹ̀yà ara náà ṣe ń ṣiṣẹ́ lónìí, apá kejì sì ń sọ bóyá àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà, ti kọjú ìjà sí i; ohun ìjà tí wọ́n ń ṣe ni à ń pè ní àńtíbọ́dì.

Iwájú ọrùn ni táíróọ̀dù wà, ó rí bí labalábá tó na ìyẹ́, òun náà ló sì máa ń wú tí a fi ń pè é ní gẹ̀gẹ̀. Họ́mọ̀nù tó ń pèsè, T4 àti T3, ló ń darí bí ara ṣe ń yára lo oúnjẹ àti bí ọkàn ṣe ń lù. TSH kì í wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ẹ̀yà kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ, ló ti ń wá, àṣẹ ni ọ̀gá náà sì ń fi í pa fún táíróọ̀dù. Bí T4 bá kéré, ọ̀gá á pariwo, TSH á lọ sókè. Bí T4 bá pọ̀ jù, ọ̀gá á dákẹ́, TSH á wálẹ̀.

Nítorí náà, TSH ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà T4. Fún àgbàlagbà tí kò lóyún, nǹkan bí 0.4 sí 4.0 ni ọ̀pọ̀ ibi àyẹ̀wò ń kà sí déédéé, ṣùgbọ́n ààlà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì tiyín gan-an ni kí ẹ tẹ̀lé, nítorí pé ẹ̀rọ yàtọ̀ síra. Ẹ má ṣe mú nọ́ḿbà láti ibi àyẹ̀wò kan ní Tákíé, l'Ógbómọ̀ṣọ́, kí ẹ fi wé ti ibòmíràn n'Íbàdàn bí ẹni pé ẹ̀rọ kan náà ló wọ̀n wọ́n. Kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ lára yín, ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá ń lo oògùn ìdàgbàsókè irun àti èékánná tó ní biotin nínú. Ó lè mú kí ẹ̀rọ purọ́ pé TSH kéré, T4 sì pọ̀. Ó kéré tán, ó yẹ kí ẹ ti dá a dúró fún ọjọ́ méjì.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá wo àńtíbọ́dì. Bí TSH bá ga, tí T4 kéré, tí àńtíbọ́dì TPO, èyí tó ń kọjú ìjà sí èròjà tí táíróọ̀dù fi ń ṣe họ́mọ̀nù, sì pọ̀, àrùn tí Hakaru Hashimoto, ará Japan, ṣàpèjúwe ní ọdún 1912 ló sábà máa ń jẹ́: àwọn ọmọ ogun ara ń ba táíróọ̀dù jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí TSH bá wálẹ̀, tí T4 tàbí T3 ga, tí TRAb, àńtíbọ́dì tó ń pàṣẹ fún táíróọ̀dù bí TSH, sì wà, àrùn Graves nìyẹn, tí táíróọ̀dù ń ṣiṣẹ́ jù. TRAb kì í ba ẹ̀yà ara náà jẹ́. Ńṣe ló ń ṣe bí ẹni tó tẹ agogo ẹnu ọ̀nà tí kò gbé ọwọ́ kúrò. Aboyún tó ní i gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, kódà bí wọ́n bá ti gé táíróọ̀dù rẹ̀ kúrò, nítorí pé TRAb lè kọjá sára ọmọ inú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni èyí: TPO pọ̀, ṣùgbọ́n TSH àti T4 wà déédéé. Lójú tèmi, èyí kò tó ohun tí à ń sá kiri fún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le ló ní i. Àmì pé táíróọ̀dù lè rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ni, nítorí náà kí wọ́n máa yẹ TSH wò lọ́dọọdún, àti nígbà oyún. Wíwọn TPO lóṣooṣù kí ó lè wálẹ̀ jẹ́ ìnáwó lásán, nítorí pé họ́mọ̀nù ni dókítà ń tọ́jú.

Bí ọrùn bá ń dùn yín, tí ESR, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn pé ibì kan ń gbóná nínú ara, ga gan-an, tí àńtíbọ́dì kò sì sí, táíróọ̀dù tó gbóná lẹ́yìn àrùn fáírọ́ọ̀sì lè ni. Ẹni tó ń lo carbimazole, oògùn tó ń dín họ́mọ̀nù táíróọ̀dù kù, tí ibà àti ọ̀nà ọ̀fun dídùn bá mú kò gbọdọ̀ dúró dọjọ́ kejì: kí wọ́n ka sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé oògùn yìí, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀, lè dín wọn kù débi ewu.

Àwọn kan á bèèrè bóyá láfún ló fa ìṣòro táíróọ̀dù. Pákí lè dí áyódíìnì, èròjà oúnjẹ tí táíróọ̀dù fi ń ṣe họ́mọ̀nù, lọ́wọ́ nígbà tí áyódíìnì bá kéré nínú oúnjẹ, ṣùgbọ́n gẹ̀gẹ̀ tó ti ibẹ̀ wá yàtọ̀ sí ti àńtíbọ́dì; ẹ rẹ pákí dáadáa, kí ẹ sì lo iyọ̀ tó ní áyódíìnì. Oríkì Ògbómọ̀ṣọ́ ní àwọn ọmọ Ajílété a máa jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Levothyroxine, oògùn tó ń rọ́pò T4 tí kò tó, ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú méjèèjì, pẹ̀lú omi lásán, ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin àti kálísíọ́ọ̀mù á tẹ̀lé e lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin. Bí wọ́n bá yí ìwọ̀n oògùn padà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni kí ẹ tó tún TSH yẹ̀ wò, níbi àyẹ̀wò kan náà bó bá ṣeé ṣe, pẹ̀lú èsì àtijọ́ lọ́wọ́.