Kí A Tó Kó Bẹ́ẹ̀dì Kúrò ní Ọsibítù: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Lóru, nígbà tí wọ́ọ̀dù bá ti pa rọ́rọ́, nọ́ọ̀sì alẹ́ máa ń ka bẹ́ẹ̀dì. Iye tó ní aláìsàn, iye tó ṣófo. Yóò kọ ọ́ sínú ìwé, yóò buwọ́ lù ú. Ọdún 33 ni mo fi kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú, gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, n kò mọ̀ pé ìwé yẹn gan-an ni wọ́n máa tẹ́ síwájú àwọn aláṣẹ lọ́jọ́ kan, tí wọ́n á ní, "Nínú bẹ́ẹ̀dì 20, 12 ló ṣófo. Kí la tún fẹ́ fi wọ́ọ̀dù yìí ṣe?"

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti ń pè mí sí ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí: àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, àwọn dókítà tó ní ọsibítù tiwọn, àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun tí wọ́n ń fowó ránṣẹ́. Wọ́n ń béèrè bóyá ó yẹ kí a dín ọsibítù kù. Nígbà mìíràn, ó yẹ. Iṣẹ́ abẹ ìpá tí aláìsàn máa ń tìtorí rẹ̀ sùn fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é tí wọ́n ń lọ sílé lọ́jọ́ kan náà báyìí. Ẹni tó bá tètè kúrò ní wọ́ọ̀dù, ewu àtikó àrùn ẹlòmíràn dín kù fún un, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í tètè dì sí i lẹ́sẹ̀. Dókítà tó ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ kan lójoojúmọ́ mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹni tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Epo tí jẹnẹrétọ̀ ń jó láti tanná sí wọ́ọ̀dù tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, owó oògùn ló ń jó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ìjọba tó tó nǹkan bí 299,000 ní 1987 ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 141,000 kí àrùn Kòrónà tó dé, síbẹ̀ aláìsàn tí wọ́n ń tọ́jú ń pọ̀ sí i.

Àmọ́ bẹ́ẹ̀dì la lè kó kúrò; àìsàn kì í bá bẹ́ẹ̀dì lọ. Ẹni tí ì bá sùn síbẹ̀ ṣì wà nínú ìlú, ó sì gbọ́dọ̀ ríbi gbà. Ẹni tó bá dín ọsibítù kù láì kọ́kọ́ la ọ̀nà yẹn, ilẹ̀kùn ló kàn tì. Inú àìla ọ̀nà yẹn ni gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ ti ń jáde.

Ẹ má ka bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo láì béèrè ohun tó lé aláìsàn

Ní ọsibítù kan tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ṣófo títí. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ kò ṣàìsàn. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ti bàjẹ́, àwọn ìyá ló ń pọn omi wá láti ìta, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni dókítà sì ń yọjú lọ́sẹ̀. Àwọn ìyá gbọ́n. Wọ́n yà sọ́dọ̀ ẹlẹ́wẹ́ ọmọ, wọ́n yà sí kẹ́míìsì, àwọn tó lówó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù aládàáni. Oṣù kìíní, nínú ọyẹ́, ni àwọn olùṣàyẹ̀wò dé. Wọ́n ka bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní ìdajì rẹ̀ ti tó. Nígbà tó di oṣù keje, tí òjò dé tí ẹ̀fọn pọ̀, àwọn tí oògùn kẹ́míìsì kò ràn mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya dé. Ọmọ méjì là ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì kan, ìyá ọmọ kẹta á sì jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tí gìrì ń mú. Mo ṣì ń gbọ́ igbe àwọn ọmọ yẹn.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé oṣù kan wá, ẹ ní kó gbé ti oṣù 12 wá. Kí ó sì sọ oye ọjọ́ tí omi kò sí, oye ọjọ́ tí dókítà kò wá, àti iye owó tí wọ́n ń gbà kí aláìsàn tó rí bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí omi ti gbẹ, ẹ tún omi ṣe ná, kí ẹ tó tún bẹ́ẹ̀dì kà.

Ti òjò nìkan sì kọ́. Ní Ṣágámù ni ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, ti pàdé ọ̀nà tó gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Benin. Bí bọ́ọ̀sì kan bá dojú dé níbẹ̀, èèyàn 15 lè dé lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, omi inú àmù ni. Kò sẹ́ni tó máa ń dà á nù nítorí pé òùngbẹ kò tíì gbẹ ẹ́. Àwọn tó ń bójú tó ọsibítù nílẹ̀ òkèèrè sábà máa ń fi 85 nínú 100 ṣe ààlà. Bí bẹ́ẹ̀dì tó kún bá ti ju ìyẹn lọ, ó máa ń nira fún ẹni tó bá dé lójijì láti ríbi sùn.

Ẹ má fi ilé ìgbẹ̀bí ṣe àkọ́kọ́ tí ẹ máa tì

Ibí yìí ló dùn mí jù. Àwọn onísirò owó máa ń tọ́ka sí ilé ìgbẹ̀bí nítorí pé agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ mẹ́wàá péré ni wọ́n bí lóṣù. Wọ́n á ní kí àwọn aboyún máa lọ sí ọsibítù ńlá. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín wákàtí méjì. Ẹ fi ìyẹn wé ẹni tó wà létí omi ní Ògùn Waterside, tó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó rí ọkọ̀ orí ilẹ̀ tó ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Lóru ọjọ́ kan, wọ́n gbé obìnrin kan dé bá mi lórí ọ̀kadà. Òun ló wà láàárín, ọkọ rẹ̀ dì í mú lẹ́yìn, ìyá ọkọ gbé ọmọ tuntun tẹ̀ lé wọn lórí ọ̀kadà kejì. Ilé ìgbẹ̀bí ìlú wọn ti wà ní títì fún oṣù mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ rẹ̀ títí kan ṣòkòtò ọlọ́kadà. Agbálẹ̀ wa kan wà tó máa ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, lábù sì ti mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó ní. Òun ni a lọ jí nílé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ la fà sí obìnrin náà lára, ó sì yè. Mo bi ọkọ léèrè ìdí tí wọn kò fi tètè gbéra. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀nà ló jìn. A ní kí a ṣì wò ó ná."

Gbólóhùn yẹn kò kúrò létí mi títí dòní. Bí ọ̀nà bá gùn, ìpinnu àtigbéra pàápàá máa ń pẹ́. Ní ìgbèríko Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 fi hàn pé ní àwọn agbègbè tó jìnnà sí ìlú ńlá, tí ọsibítù wọn ṣíwọ́ ìgbẹ̀bí, àwọn tó ń bímọ síta ọsibítù pọ̀ sí i, àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé náà sì pọ̀ sí i. Amẹ́ríkà tó ní ọ̀nà tó dán, tó ní àǹbúláǹsì, nìyẹn o.

Bí kíkó ìgbẹ̀bí jọ sójú kan bá di dandan, ẹ kọ́kọ́ wá ilé kan sí tòsí ọsibítù ńlá tí aboyún tó ti wọ oṣù rẹ̀ lè máa gbé, pàápàá ẹni tó ti fi iṣẹ́ abẹ bímọ rí àti ẹni tó gbé ìbejì sínú. Kí agbẹ̀bí kan sì wà nílùú síbẹ̀, kí abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró wà lọ́wọ́ rẹ̀, nínú fìríìjì tó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má lé àwọn tí ojú kì í rí

Agbálẹ̀ tí mo sọ yẹn wà lára àwọn tó gba ìwé "ẹ máa lọ sílé" lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe oníṣègùn. Alágbàfọ̀ ọsibítù bá a lọ, àwọn akọ̀wé káàdì bá a lọ. Kò pẹ́, nọ́ọ̀sì ló ń wá káàdì, nọ́ọ̀sì ló ń nu ilẹ̀, ojú ọgbẹ́ abẹ àwọn aláìsàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ̀.

Ìdínkù kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í buwọ́ lù: dókítà jápa, a kò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, nọ́ọ̀sì fẹ̀yìn tì, àga rẹ̀ ṣófo. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, nínú ìkéde tí àwọn ológun fi gba ìjọba, wọ́n ní àwọn ọsibítù wa ti di ibi tí dókítà kàn ti ń wo ojú aláìsàn, kò sí oògùn, kò sí omi, kò sí irinṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ṣèpàdé kí wọ́n tó dà bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe bíi ti Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ẹ kò ní àǹbúláǹsì

Ní 2010, Lọ́ńdọ̀nù kó ìtọ́jú pàjáwìrì fún àrùn rọpárọsẹ̀ kúrò ní ọsibítù bíi 30, wọ́n kó o jọ sí mẹ́jọ péré. Ikú dín kù. Mo gbà bẹ́ẹ̀, n ó sì fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbí. Láti 1986 tí ọsibítù ìjọba ní Ṣágámù ti di ti ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ni ó ti yẹ kí iṣẹ́ ńlá máa lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹnì kan tẹ fóònù, ọkọ̀ dé. Níbí, ọmọ aláìsàn ló ń kan ilẹ̀kùn ẹni tó ní mọ́tò, òun ló ń ra epo. Lẹ́yìn náà owó oúnjẹ ẹni tó dúró ti aláìsàn, àti ọjà tí kò lè pa títí wọn yóò fi padà. Wọ́n á wá kọ sínú ìwé ọsibítù pé àwọn fi owó pamọ́. Àpò ìdílé ni owó yẹn ti jáde.

Ẹ má ní kí aláìsàn máa lọ sílé láì sí ẹni tó máa tẹ̀ lé e

Ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Ẹ̀gbá ni mo ti rí àpẹẹrẹ tó dára jù. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, Abẹ́òkúta. Dípò kó to bẹ́ẹ̀dì jọ fún àwọn tó ní àrùn ọpọlọ, ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká. Mọ̀lẹ́bí bá aláìsàn wá, ó ń dáná fún un. Aláìsàn ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko. Dókítà àti nọ́ọ̀sì ń tọ̀ wọ́n lọ síbẹ̀. Owó díẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, àwọn oníṣègùn láti ilẹ̀ òkèèrè sì wá wò ó.

Ẹ wá wo Amẹ́ríkà. Ní 1955, ó lé ní 550,000 èèyàn nínú ọsibítù ọpọlọ ti àwọn ìpínlẹ̀ wọn; nígbà tó di 1994, àwọn tó ṣẹ́ kù fi díẹ̀ lé ní 70,000. Ọ̀pọ̀ rí ìwòsàn nílé. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú àdúgbò tí wọ́n ṣèlérí kò tó, ọ̀pọ̀ sì bá ara wọn lójú pópó àti ní ẹ̀wọ̀n. Ilé àti ẹni tó ń tọ aláìsàn lọ ni Lambo kọ́kọ́ ṣètò. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ sílé lọ́jọ́ kan náà, nọ́ọ̀sì tó máa lọ wo ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta dà? Ṣé ó ní ọ̀kadà?

Ẹ má fi lẹ́tà sọ fún ìlú

Ní Ìjẹ̀bú, àwọn regbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọgbà, ló ra bẹ́ẹ̀dì mìíràn, orúkọ wọn wà lára ògiri. Ẹ kò lè ti irú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ láì pè wọ́n. Ẹkùn Saskatchewan ní Kánádà sọ ọsibítù kéékèèké 52 di ibi tí aláìsàn kò ti lè sùn mọ́ ní 1993, ìbínú sì gbòde. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e rí i pé ìlera àwọn ará ibẹ̀ kò burú tó bí wọ́n ṣe bẹ̀rù. Ìlú tó ní aṣáájú tó dúró gbọn-in, tí wọ́n jọ wá ohun tí wọ́n máa fi rọ́pò, ni ó rọrùn fún.

Lẹ́tà ìdínkù ọsibítù tó dé ìlú tiwa fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì. A tọrọ oṣù mẹ́ta, wọ́n sì fún wa. A fi oṣù àkọ́kọ́ ka ìwé òru ọdún kan gbáko. Wọ́ọ̀dù méjì ni a gbà pé kí wọ́n tì, nítorí òótọ́ ni pé wọn kò wúlò mọ́. Ilé ìgbẹ̀bí wà ní ṣíṣí pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà. Bọ́ọ̀sì kan tí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ti pa tì la tún ṣe, awakọ̀ méjì ń pín òru wà, nọ́ńbà wọn sì wà lára ilẹ̀kùn gbogbo kẹ́míìsì ìlú.